Kí A Tó Sanwó Ilé: Ìlérí Títì, Iná àti Gọ́tà tí Kò Sí Nínú Ìwé

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí agbẹjọ́rò kan, ọmọ bíbí Ìkòyí, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa àtijọ́, bá wa sọ níbi ayẹyẹ àjọ̀dún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. A tẹ̀ ẹ́ síbí kí àwọn tí kò ráyè wá lè kà á fún ará ilé wọn.

Ọjà á tà, a ò ní tà á ní àdánù. Àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ yìí tí wọn kò sí mọ́, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ̀yin tí ẹ ti Àpòmù àti Ìkirè wá bá wa ṣe é, ẹsẹ̀ yín á padà bọ̀ wá bá ire.

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí mi, mo rò pé ọ̀rọ̀ ogún pípín ni wọ́n fẹ́ kí n sọ, torí òun ni wọ́n sábà máa ń pe àwa lọ́yà sí. Wọ́n ní rárá o. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ló ní kí wọ́n pè mí. Nígbà kan rí, ẹni tó bá wá yáwó, àgbàdo ló fẹ́ rà pamọ́, tàbí kó fi san owó ilé-ìwé ọmọ. Ní báyìí, owó ilé àti owó ilẹ̀ ló pọ̀ jù. Àwọn ọmọ tó wọ aṣọ kan náà ń pín ìwé ìpolówó láti ìsọ̀ dé ìsọ̀: ẹ wá ra pùlọ́ọ̀tì, ẹ wá ra ilé lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, a óò ṣe títì ọlọ́dà, a óò gbé tiransifọ́mà wá, a óò gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, a óò mọ odi yí i ká, a óò fi géètì sí i. Àwòrán inú ìwé náà dára, òdòdó pàápàá wà níbẹ̀.

Ẹ̀rù wá ń ba ìgbìmọ̀. Wọ́n ní bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá fi owó gbogbo wa ra ilé, tí títì kò dé, tí iná kò dé, tí kò ṣeé gbé, tí ayálégbé kan ò sì gbà láti wọ ibẹ̀, kí ló máa fi san ẹ̀yáwó? Ta ni yóò bá oníduúró rẹ̀ sunkún? Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wá síwájú yín lónìí.

ILÉ TÍ ÌYÁ MI RÀ

Mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ìyá mi kí n tó sọ ìtàn yìí. Wọ́n jókòó sí ìlà kejì lọ́hùn-ún yẹn. Ẹ bá mi kí wọn.

Gbogbo yín mọ̀ pé gàrí ni wọ́n tà tí wọ́n fi tọ́ wa. Ní ọdún 2006, wọ́n ra ilé oníyàrá mẹ́ta kan lẹ́yìn ìlú Ìbàdàn. N ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó tà á, torí a ò wá ṣẹjọ́ níbí. Ilé náà ti dúró, wọ́n ti kan páànù, ó ku àwọn nǹkan kéékèèké, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wí. Ọ̀gbẹ́ni tó mú wa káàkiri na ọwọ́ sí iwájú ilé, ó ní, "Màmá, kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dé, gọ́tà á ti wà níbí, títì á ti dé ẹnu ọ̀nà yín, tiransifọ́mà á wà ní ìkángun yẹn." Ìyá mi ní, "Àṣẹ." Wọ́n san owó náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Mo ń kàwé òfin ní yunifásítì nígbà náà. Wọ́n gbé ìwé àdéhùn lé mi lọ́wọ́ pé kí n bá àwọn kà á. Ojú ewé méjì péré ni. Mo rí orúkọ ìyá mi, mo rí iye owó, mo rí nọ́ńbà ilé, mo ní ìwé náà dára. Wọ́n fọwọ́ sí i.

Òjò ọdún kejì dé, gọ́tà kò dé. Ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́, ìsàlẹ̀ sì ni ilé ìyá mi wà. Omi tó ti òkè bọ̀ gba iwájú ilé wọlé. Ìyá mi ti kó àpò gàrí 11 sí pálọ̀, wọ́n ń dúró kí owó gàrí gòkè kí wọ́n tó tà á ní Ìbàdàn. Nígbà tí a débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, gbogbo rẹ̀ ti wú, ó ti di ẹ̀bà tútù nínú àpò. Ìyá mi kò pariwo. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, "Gàrí ni èmi mọ̀ ọ́n wò. Ìwé ni mo ní kí ìwọ bá mi wò."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun, torí òótọ́ ni. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń wo gàrí. Kò sí ìyá kan níbí tó máa ra odidi àpò nítorí èyí tó wà lókè. Ẹ ó ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, ẹ ó bu díẹ̀ sẹ́nu, ẹ ó wò ó bóyá ó gbẹ, bóyá yanrìn wà níbẹ̀. Ìwé ilé náà fẹ́ kí á ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo bá sọ lónìí, ẹ má gbàgbé èyí: ìlérí tí kò bá sí nínú ìwé, tí kò ní ọjọ́, tí ẹ kò sì dá owó rẹ̀ dúró, ó ṣòro kí òfin tó lè bá yín gbà á.

OHUN TÍ ẸNU SỌ ÀTI OHUN TÍ ÌWÉ SỌ

Lábẹ́ àṣà ilẹ̀ wa, kò dìgbà tí a bá kọ̀wé kí ilẹ̀ tó di títà. Bí owó bá ti wọlé, tí ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀, tí wọ́n mú olùrà dé orí ilẹ̀ tí wọ́n sì fà á lé e lọ́wọ́, ó ti tà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ Cole àti Folami ní 1956, wọ́n sì tún sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Folarin àti Durojaiye ní 1988. Ìdí nìyẹn tí àwọn bàbá wa fi ń ra ilẹ̀ lójú àgbààgbà, tí ọjà náà sì ń dúró.

Ṣùgbọ́n ilé ẹ́sítéètì, ìwé ni wọ́n fi ń tà á. Òfin ohun ìní àti ìwé ilẹ̀ tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ní 1959, tí àwọn ìpínlẹ̀ tó jáde láti ara rẹ̀ jogún, sọ pé àdéhùn lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ, kí ẹni tí a fẹ́ pè lẹ́jọ́ sì ti fọwọ́ sí i. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 tún wá sọ pé bí ẹni méjì bá ti kọ àdéhùn wọn sílẹ̀, ilé ẹjọ́ kò ní gbà kí ọ̀kan nínú wọn tún fi ọ̀rọ̀ ẹnu bù kún un, tàbí kó yọ nínú rẹ̀, tàbí kó yí i padà.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ń wí. Ọ̀gbẹ́ni yẹn ṣèlérí gọ́tà lójú mi, lójú ìyá mi, lójú bírẹ́dà mi. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta. Bí a bá dé kóòtù, ìbéèrè tí lọ́yà tiwọn máa bi wá ni pé, "Níbo ló wà nínú ìwé?" Kò sí níbì kankan. Lóòótọ́, òfin fi àyè díẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá lè fi hàn pé irọ́ ni wọ́n pa kí ẹ tó sanwó, ìyẹn wọlé. Bí ẹ bá lè fi hàn pé ẹ tún ṣe àdéhùn mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìwé, tí kò tako ìwé náà, ìyẹn náà lè wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ máa kó ẹ̀rí rẹ̀ wá. Ẹni tó ti kọ ọ́ sínú ìwé tẹ́lẹ̀ kò nílò gbogbo wàhálà yẹn.

RISÍÌTÌ KÉKERÉ KAN

Ohun tó gbà wá nínú ọ̀rọ̀ ilé ìyá mi ni risíìtì. Ìyá mi kì í ju ìwé nù, ẹ bi wọ́n. Nínú páálí bàtà tí wọ́n ń kó ìwé sí, a rí risíìtì kan tó yàtọ̀ sí ti owó ilé. Ilé-iṣẹ́ yẹn ti gba owó mìíràn lọ́wọ́ wọn, wọ́n pè é ní "owó ìdàgbàsókè", ẹni tó gbà á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé títì àti gọ́tà ni. Ó fọwọ́ sí i, ó tẹ òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ lé e.

A wá lọ kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò. Ilé 14 ló wà ní ọ̀nà yẹn tí wọ́n ti sanwó bẹ́ẹ̀. Ilé márùn-ún péré ni risíìtì wọn ṣì wà. Àwọn yòókù, ọmọ ti fi ya àwòrán, eku ti jẹ ẹ́, òmíràn ti fi di ẹ̀pà. Àwa márùn-ún yẹn gba lọ́yà kan, a kọ lẹ́tà kan, a so risíìtì márààrún mọ́ ọn, a fún wọn ní ọjọ́ kan pàtó. Nígbà tí wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti màmá onígàrí kan mọ́, wọ́n pè wá. A ò dé ìdájọ́. Wọ́n ṣe gọ́tà, wọ́n dá díẹ̀ padà nínú owó títì. Gàrí tó ṣòfò, kò sẹ́ni tó san án.

OHUN TÍ ILÉ ẸJỌ́ LÈ ṢE

Bí ìlérí bá wà nínú ìwé, tí ẹni tó tà á kò mú un ṣẹ, ohun mẹ́ta ni ilé ẹjọ́ lè ṣe fún olùrà.

Èkíní, ó lè ní kí wọ́n san owó gbà-máà-bínú: iye tí ẹ máa ná láti parí ohun tí wọ́n fi sílẹ̀, tàbí iye tí ilé yín fi dínkù nítorí pé ohun yẹn kò sí. Èkejì, bí olùrà kò bá rí nǹkan kan gbà rárá nínú ohun tó sanwó fún, ó lè gba gbogbo owó rẹ̀ padà. Ẹ̀kẹta, ilé ẹjọ́ lè pàṣẹ pé kí ẹni yẹn lọ ṣe iṣẹ́ náà gan-an.

Ẹ̀kẹta yìí ni gbogbo ènìyàn fẹ́, òun náà ló sì ṣòro jù. Adájọ́ kì í fẹ́ pàṣẹ iṣẹ́ ilé kíkọ́, torí kò lè fi kóòtù sílẹ̀ kó wá dúró ti bíríkìlà. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan wà tí àwa lọ́yà máa ń tọ́ka sí. Ní 1940, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Carpenters Estates pe ẹnìkan tó ń jẹ́ Davies lẹ́jọ́ ní London. Ilé-iṣẹ́ náà ra ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láti kọ́lé sí. Ilẹ̀ tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ Davies, ó sì ti ṣe àdéhùn pé òun á la títì síbẹ̀, òun á ri páìpù omi àti ti ìdọ̀tí mọ́lẹ̀. Kò ṣe é. Adájọ́ pàṣẹ pé kó ṣe é.

Kí ló fà á? Ohun mẹ́ta ni, ẹjọ́ kan tí wọ́n ti dá ní 1901 ló sì là á kalẹ̀. Wọ́n ti kọ iṣẹ́ náà kedere tó fi jẹ́ pé adájọ́ mọ ohun tó ń pàṣẹ. Owó lásán kò lè tán ìyà olùrà. Ilẹ̀ tí iṣẹ́ máa wà lórí rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ṣèlérí, olùrà kò lè wọ ilẹ̀ onílẹ̀ lọ la títì fúnra rẹ̀. Àwọn kóòtù wa kò sí lábẹ́ London mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń wo irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀, torí láti ibẹ̀ ni a ti jogún òfin àdéhùn.

Ẹ ronú sí i dáadáa. Bí títì ẹ́sítéètì ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn: orí ilẹ̀ wọn ló máa gbà, ẹ ò lè ṣe é fúnra yín. Ohun tó sábà máa ń kù díẹ̀ káàtó ni èkíní, pé kí á kọ ọ́ kedere. "A óò ṣe títì" kò tó. Báwo ló ṣe gùn tó? Báwo ló ṣe fẹ̀ tó? Ọ̀dà ni àbí yangí? Ẹ̀gbẹ́ kan ni gọ́tà wà àbí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì? Kọnkéré ni àbí wọ́n kàn máa gbẹ́ ilẹ̀? Ọjọ́ wo ló máa parí? Kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí ọjọ́ yẹn bá kọjá?

Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ jù. Ẹjọ́ àdéhùn ní ọjọ́ orí, ọdún 6 ni òfin sábà fi sílẹ̀. Àwọn kan á máa fi "ẹ ṣe sùúrù, màmá" tì yín títí ọdún náà á fi pé.

ÀJỌ OLÙRÀJÀ, ỌLỌ́PÀÁ ÀTI EFCC

Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 wà fún gbogbo orílẹ̀-èdè yìí. Àjọ tí wọ́n ń pè ní FCCPC ló ń mójútó o. Òfin náà sọ pé iṣẹ́ tí oníbàárà sanwó fún gbọ́dọ̀ parí lásìkò, bí ìdádúró bá sì wà tí kò ṣeé yẹ̀, kí wọ́n tètè sọ. Bí iṣẹ́ kò bá dára tó, oníbàárà lè ní kí wọ́n tún un ṣe, tàbí kí wọ́n dá apá kan tó tọ́ padà nínú owó. Ẹni tó ń fi ilẹ̀ àti ilé ṣòwò, tó sì gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ lè kọ̀wé rẹ̀ sí àjọ yìí. Risíìtì bíi ti ìyá mi yẹn, irú ohun tí wọ́n fẹ́ rí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ńkọ́? Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín máa kọ́kọ́ sá lọ. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí pé ó yẹ àdéhùn lásán. Ọlọ́pàá kì í ṣe agbowó gbèsè. Ẹ lè ná owó sí àgọ́ wọn títí, ẹni tí ẹ mú lọ á sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn jáde.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ẹni tó yẹ àdéhùn, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó purọ́ gba owó. Bí ó bá jẹ́ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kò ti ní ilẹ̀ kankan, tàbí ó ta pùlọ́ọ̀tì kan náà fún ẹni mẹ́ta, jìbìtì nìyẹn. Òfin jìbìtì ti 2006 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 7 sí 20 lé e, kò sì sí pé kí ó san owó ìtanràn dípò rẹ̀. Ilé ẹjọ́ tún lè pàṣẹ kí ó dá owó padà. Ìyẹn ni ọlọ́pàá àti EFCC lè bá yín gbé.

Kí á tó kúrò níbẹ̀: ẹni tí kò ní ilẹ̀ kò lè ṣe títì sí i. Bí ẹbí ló ni ilẹ̀ náà, láti ìgbà ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959 la ti mọ̀ pé bí ọmọ ẹbí kan bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni. Bí olórí ẹbí bá tà á láìsọ fún àwọn àgbà ẹbí, wọ́n lè lọ tú u ká. Láti 1978 tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti dé, ẹni tó bá fẹ́ ta ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àṣẹ Gómìnà gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda Gómìnà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fi ìdí èyí múlẹ̀ nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo ní 1989. Ẹ kọ́kọ́ wo ìdí ilẹ̀, kí ẹ tó béèrè nípa òdòdó ẹnu géètì.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É NÍBÒMÍRÀN

Kì í ṣe àwọn ẹlẹ́sítéètì nìkan ni ìlérí ń jábọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn àgbà inú yín rántí ayé Ààrẹ Shagari. Wọ́n ní ilé 40,000 ni ìjọba àpapọ̀ á máa kọ́ lọ́dọọdún káàkiri orílẹ̀-èdè. Nígbà tó fi di 1983, èyí tó parí lápapọ̀ kò ju nǹkan bíi 32,000 lọ. Àwọn ògiri tí kò lórule dúró sínú igbó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ wa náà la ti rí èyí tó dára: ilé-iṣẹ́ ilé gbígbé tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní 1958 ló ṣe Bódìjà ní Ìbàdàn, títì àti omi wà lára ètò ibẹ̀ láti ilẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ lókè òkun, ẹ bi wọ́n. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ta ilẹ̀ ẹrẹ̀ ní Florida fún ẹni tí kò débẹ̀ rí, wọ́n ń fi ìwé ìpolówó tà á. Ìjọba wọn ṣe òfin ní 1968 pé ẹni tó bá ń ta ọ̀pọ̀ pùlọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fún olùrà ní ìwé àlàyé nípa títì, omi àti àwọn ohun tí ó ṣèlérí, kí olùrà tó fọwọ́ sí i. Olùrà ní ọjọ́ méje láti yí ọkàn padà. Bí wọn kò bá fún un ní ìwé yẹn rárá, ó ní ọdún méjì láti fagi lé ọjà náà. Ní Ìlú Ọba, ẹni tó ń kọ́ ilé tuntun tó fẹ́ kí ìjọba gba títì rẹ̀ máa ń ṣe àdéhùn lábẹ́ òfin títì ti 1980, bánkì a sì dúró fún un: bí ó bá sá lọ, owó wà tí wọ́n máa fi parí títì. Ní Íńdíà, òfin 2016 sọ pé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí àwọn olùrà bá san gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì ọ̀tọ̀, ilẹ̀ àti ilé yẹn nìkan ni wọ́n lè ná an lé. Nítòsí wa, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ní 2021 tó gbé àjọ LASRERA kalẹ̀, láti máa mójútó àwọn tó ń ṣòwò ilé àti ilẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ rí i pé gbogbo wọn ń ṣe nǹkan kan náà. Wọ́n ń kọ ìlérí sílẹ̀, wọ́n sì ń di owó mú títí iṣẹ́ fi parí. Kò pọn dandan kí á dúró de òfin kí á tó ṣe èyí. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè ṣe é fúnra rẹ̀, torí owó wà lọ́wọ́ wa. Ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ní ohùn, àbí ọjà ò rí bẹ́ẹ̀?

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ ẸGBẸ́ ṢE

Èkíní, kí ìgbìmọ̀ má ṣe tú ẹ̀yáwó ilé sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí yóò fi mú ìwé àdéhùn wá, kí lọ́yà ẹgbẹ́ sì kà á. Kó má jẹ́ lọ́yà ẹni tó ń tà á. Ẹ má sì gbé e fún ọmọ tó ń kàwé òfin lọ́wọ́.

Èkejì, kí gbogbo ìlérí wà nínú ìwé yẹn ní ìkọ̀ọ̀kan: títì, gọ́tà, iná, omi, odi. Bó ṣe máa rí, ọjọ́ tó máa parí, àti iye tí wọ́n máa san bí ọjọ́ bá kọjá. Kí ìwé ìpolówó náà wà ní síso mọ́ àdéhùn, kí á sì kọ ọ́ pé ó jẹ́ ara rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí owó máa tẹ̀lé iṣẹ́. Ẹ san ti ìpìlẹ̀ nígbà tí ìpìlẹ̀ bá jáde, ẹ san ti gọ́tà nígbà tí ẹ bá rí gọ́tà. Ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́wàá kó wà lọ́wọ́ lọ́yà tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gbà, títí òjò ọdún kan á fi rọ̀ kọjá lórí ilé náà. Òjò kì í gba rìbá, òun ni yóò sọ bóyá gọ́tà náà dára.

Ẹ̀kẹrin, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ètò ìlú, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n ti fọwọ́ sí àwòrán ẹ́sítéètì náà. Ẹ wò ó bóyá títì tí wọ́n ń sọ wà lórí àwòrán. Ẹ béèrè ní CAC bóyá orúkọ ilé-iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Kí ẹ sì lọ síbẹ̀ nígbà òjò, ẹ má lọ lọ́gbẹlẹ̀ nìkan.

Ìkarùn-ún, ẹ tọ́jú ìwé. Risíìtì, lẹ́tà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sórí fóònù, àwòrán. Òfin Ẹ̀rí 2011 gba ohun tó wà lórí fóònù, bí ẹ bá tẹ̀lé ìlànà rẹ̀. Ẹ má pa á rẹ́. Bí wọ́n bá ṣèlérí lórí fóònù, ẹ ní kí ọmọ yín kọ ọ́ ránṣẹ́ padà sí wọn lọ́jọ́ yẹn pé, "Ẹ ní ẹ máa parí gọ́tà ní oṣù kẹta." Bí wọ́n bá dáhùn, ẹ ti ní ẹ̀rí lọ́wọ́.

Ìkẹfà, ẹ má dá lọ. Bí ẹni mẹ́wàá nínú ẹgbẹ́ bá fẹ́ rà níbì kan náà, kí wọ́n lọ pa pọ̀, pẹ̀lú lọ́yà kan àti ìwé kan. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí ilé márùn-ún bá lè mú kí wọ́n ṣe gọ́tà fún wa, ẹ wo ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́wàá lè ṣe kí wọ́n tó sanwó rárá.

Àwọn kan á sọ fún yín pé, "Màmá, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni a ṣe ń tà á o. Bí ẹ kò bá tètè san, ẹlòmíràn á rà á." Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn rà á. Oníbàárà tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín nínú ọjà, tí kò jẹ́ kí ẹ ki ọwọ́ bọ àpò gàrí rẹ̀, ṣé ẹ máa rà á? Ẹ ti mọ ohun tó wà nísàlẹ̀.

Ìyá mi ṣì ní ilé yẹn. Ayálégbé wà níbẹ̀, gọ́tà wà níwájú rẹ̀, títì ṣì jẹ́ ilẹ̀ pupa. Lọ́dọọdún tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, wọ́n máa ń pè mí lórí fóònù, wọ́n á ní kí n lọ wò ó bóyá pàǹtí ò dí gọ́tà. Mo máa ń lọ. Mi ò jẹ́ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Gbogbo wa tí a ń jí lówùúrọ̀ kùtùkùtù lọ sí ọjà, Ọlọ́run á jẹ́ kí á rí ilé tó tura sinmi sí. Owó tí a fi òógùn kó jọ kò ní bá omi lọ. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú. Ọdún tó ń bọ̀, ire la ó bá ara wa.